Típà tíà-rọ́bà: 15W-40, 20W-50 àbí SAE 40, èwo ni ká dà sí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Howo 371 kan, típà, tíà-rọ́bà ni o, kì í ṣe tòkúnbọ̀, yanrìn àti òkúta la fẹ́ máa fi gbé láti Abẹ́òkúta wá sí Èkó. Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ti fẹ́ dìjà láàárín wa. Àwọn tó ta ọkọ̀ fún wa ní 15W-40 ni ká máa lò. Mẹkáníìkì wa ní rárá, pé 20W-50 ni torí ooru ilẹ̀ wa, pé 15W-40 ti lómi jù. Dírẹ́bà tá a gbà ní òun ò mọ méjèèjì, SAE 40 lásán ni gbogbo tírélà tí òun ti wà rí ń mu. Ta ni ká gbọ́? Gbèsè ọkọ̀ yìí ṣì wà lọ́rùn wa.

*

Ìdáhùn: Àwọn tó ta ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún yín. 15W-40 ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó, kò sọ irú ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe é fún. 15W-40 ti pẹtiróòlù wà, ti díísù náà wà, wọ́n lè jókòó sórí káńtà kan náà nínú kẹ́ẹ̀gì tó jọra. Lẹ́tà API (àjọ elépo Amẹ́ríkà tó ń pín ọ́ìlì sí kíláàsì) tó wà lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S, bíi SL, SN, SP, ti pẹtiróòlù nìyẹn. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C, bíi CF-4, CH-4, CI-4, CK-4, ti díísù ni. Kẹ́ẹ̀gì mìíràn máa ń ní méjèèjì, èyí tí wọ́n bá kọ ṣáájú ni wọ́n dìídì ṣe é fún.

Èyí tí èmi máa ní kẹ́ ẹ dà sínú Howo yẹn ni 15W-40 CI-4. Ẹ ṣí mánúàlì yín wò ó kẹ́ ẹ tó gba tèmi. Tẹ́ ẹ bá rí CF-4 tàbí CH-4 níbẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, CI-4 ga ju àwọn méjèèjì lọ, ó sì lè dúró sípò wọn.

Mẹkáníìkì yín ò purọ́ o, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ tìtorí ọ̀rọ̀ mi lọ bú u. Ibi tó ti kọ́ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti wá. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa, láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́, tòkúnbọ̀ ni wọ́n ń tú, ẹ́ńjìnì tó ti sáré nílùú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dé Ládípò tàbí Gate n'Íbàdàn, ríǹgì ti jẹ, bíárìn ti fẹ̀, ó ń mu ọ́ìlì, ó ń yọ èéfín búlúù, tẹ́ ẹ bá wá da 20W-50 sínú irú ẹ̀, èéfín á dínkù, ariwo á rọlẹ̀, oníbàárà á sì dúpẹ́. Ó ti fojú ara ẹ̀ rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ́ńjìnì tuntun ni kì í sábàá kan án lọ́wọ́. Oògùn arúgbó ló ń kọ fún ọmọ tuntun yẹn.

Nínú ẹ́ńjìnì tuntun, àlàfo tó wà láàárín bíárìn àti kíráǹkì kéré gan-an, wọ́n sì ti fi ìwọ̀n ọ́ìlì kan ṣe ìṣirò ẹ̀. Tí ọ́ìlì bá ki ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní tètè dé orí ẹ́ńjìnì àti tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnì) láàárọ̀, pọ́ọ̀ǹpù á máa fi agbára tì í, díísù tẹ́ ẹ ń jó náà á lé sí i.

*

Mo rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òǹkàwé tó dá sí ìbéèrè yìí ló ń sọ ohun kan náà: "ilẹ̀ wa gbóná, ọ́ìlì tó ki ló bá wa mu." Ó dà bí òótọ́ létí, ṣùgbọ́n mi ò gbà.

W yẹn, ìgbà òtútù ìlú òyìnbó ni wọ́n fi ń sọ. Nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe máa ṣe tí òtútù bá mú un, nọ́ńbà tó kẹ́yìn ń sọ bó ṣe ki tó tó bá ti gbóná dé 100°C. Ìyẹn ni pé ooru tí ẹ ń bẹ̀rù, wọ́n ti kà á mọ́ ọn. Ọ́ìlì tó wà nínú ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ sábà máa ń wà láàárín 90 sí 110°C, ì báà jẹ́ ní Kano tàbí ní Kánádà, torí tẹ́mósítáàtì àti rédíétọ̀ ló ń ṣọ́ bó ṣe gbóná tó, oòrùn kọ́. Ní apá gúúsù wa níbí, ooru tó mú jù lọ ò ju nǹkan bíi 40°C lọ, ìyẹn ò tiẹ̀ tó ìdajì ooru tí ọ́ìlì ń gbé ibẹ̀.

Kí n má yan ẹnikẹ́ni jẹ o: 15W àti 20W, ìyàtọ̀ wọn ò tó nǹkan níbi, torí nínú òtútù tó kọjá ibi tí omi ti ń di yìnyín ni wọ́n ti ń dán wọn wò. Orí 40 àti 50 ni ìjà wà. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnì tòun ti gbó, ó ń mu ọ́ìlì, kò sì tíì rówó tú u, mi ò ní bá a jà tó bá lo 50. Típà tuntun la ń sọ.

Nígbà tá a ti dárúkọ tẹ́mósítáàtì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ torí ó máa ń bí mi nínú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́ kúrò nínú ọkọ̀ yẹn. Wọ́n á ní "ti ìlú òtútù ni, a ò nílò ẹ̀ ní Nàìjíríà." Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnì ò ní gbóná tó bó ṣe yẹ, díísù tí kò jó tán á máa ṣàn sínú ọ́ìlì, omi tó ń gbára jọ ò ní rí ooru tó máa gbé e lọ, ọ́ìlì á di ẹrẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á wá ní ọ́ìlì ni kò dáa.

*

Sí ẹ̀gbọ́n tó ní bàbá àwọn fi SAE 40 wa Mercedes 911 títí wọ́n fi kọ́lé: mo gbà yín gbọ́, ẹ̀gbọ́n. 911 yẹn lágbára, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì ní tọ́bò, ẹ́ńjìnì ẹ̀ ò le lórí ọ́ìlì. SAE 40, ọ́ìlì oníwọ̀n kan ṣoṣo tí kò ní nọ́ńbà W, ò burú fún irú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì dáa fún ẹ́ńjìnì Lister tí wọ́n fi ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́. Howo yìí ní tọ́bò, àárín tọ́bò yẹn ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan, orí ọ́ìlì nìkan ló sì ń léfòó lé. Láàárọ̀ kùtù tí dírẹ́bà bá ṣáná, tó sì tẹ iná mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, SAE 40 tó ti sùn mọ́jú máa pẹ́ kó tó débẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà tún sábà máa ń jẹ́ kíláàsì àtijọ́, CD tàbí CF, tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí lẹ́tà kankan lára ẹ̀ rárá.

Ẹ sọ fún dírẹ́bà yín: tó bá ṣáná, kó dúró díẹ̀ kó tó rìn, tó bá dé láti ìrìn àjò tó gbóná, kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì sinmi fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 kó tó pa á. Tó bá pa á lójijì, ọ́ìlì tó kù sínú tọ́bò á jóná mọ́ ibẹ̀.

*

Ẹnì kan ní kí ló dé tí mo ń fi CI-4 tó jáde ní 2002 lọ èèyàn nígbà tí CK-4 ti jáde láti ìparí 2016, pé ṣé kì í ṣe tuntun ló dáa jù ni.

Lórí ẹ̀rọ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tó yí i padà ni díísù. Imí-ọjọ́ tó wà nínú díísù, tó bá jóná, ásíìdì ló ń dà, ọ́ìlì ló sì gbọ́dọ̀ pa ásíìdì yẹn. Wọ́n ṣe CI-4 fún díísù tí imí-ọjọ́ inú ẹ̀ lè tó 0.5%, ìyẹn 5,000 ppm (ìdá 5,000 nínú mílíọ̀nù kan). Wọ́n ṣe CK-4 mọ́ díísù tó mọ́, àwọn API fúnra wọn sọ pé tí díísù bá kọjá 15 ppm, ó lè kan iye ìgbà tẹ́ ẹ máa fi lò ó kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ibi tí dírẹ́bà ti ń ra díísù lónìí kọ́ ló máa rà á lọ́la, nígbà míì nínú jálá lẹ́bàá ọ̀nà ni. CI-4 ló ní àyè fún irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀. CK-4 ò ní ba Howo yín jẹ́ o, ó kàn máa náni lówó sí i láìsí ohun tó fi kún un fún yín ni.

Tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ Euro 6 (ìpele òfin èéfín ilẹ̀ Yúróòpù) lẹ́nì kan rà, tó ní fílítà tó ń gba èéfín dúdú, tí wọ́n ń pè ní DPF, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Eérú inú CI-4 lè dí fílítà yẹn pa. CK-4 tàbí ACEA (kíláàsì ọ́ìlì ti Yúróòpù) E8, E11, àwọn tó rọ́pò E6 àti E9 ní 2022, ni tiwọn, kí wọ́n sì wá díísù tó mọ́. Ọ̀pọ̀ Howo 371 tó ń wọlé síbí, Euro 2 ni, kò ní DPF. Ẹ́ńjìnì WD615 ló wà nínú ẹ̀, lítà 9.7, ọ̀dọ̀ àwọn Steyr ti Ọ́síríà ni àwọn Ṣáínà ti gba iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ́ńjìnì tó le ni.

FA-4, lẹ́tà API mìíràn fún díísù, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi í sílẹ̀. Ti àwọn ẹ́ńjìnì ilẹ̀ òkèèrè kan pàtó ni.

*

Bọ̀dá tó wà ní Houston, ẹ ní ẹ ra F-150 tuntun, EcoBoost 3.5, mánúàlì ní 5W-30, ẹ wá ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ da 15W-40 wa sí i kó lè pẹ́. Rárá o. Pẹtiróòlù ni tiyín ń mu, òtútù tún máa ń dé Texas nígbà míì. 5W-30 tí Ford kọ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ wá èyí tó ní API SP lára.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yín ti wá, àwọn tó wà l'Amẹ́ríkà ti ń fi ọ̀rọ̀ GM, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Chevrolet, ja ara wọn níyàn. Ní April 2025, GM pe ọkọ̀ tó fẹ́ẹ̀ tó 600,000 padà níbẹ̀, Silverado, Sierra, Tahoe, Escalade àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọdún 2021 sí 2024, àwọn tó ní ẹ́ńjìnì V8 6.2. Ẹ́ńjìnì ń kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí kò ní àìsàn, wọ́n yọ 0W-20 kúrò, wọ́n da 0W-40 sí i. Làwọn kan bá ní, "ẹ ò rí i, ọ́ìlì tó ki ló jàre!" Ṣùgbọ́n ohun tí GM fúnra ẹ̀ sọ ni pé kọ́ńrọ́ọ̀dù àti kíráǹkì ni wọn ò ṣe dáadáa láti ilé iṣẹ́, ọ́ìlì kọ́ ló dá àìsàn yẹn sílẹ̀. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé 0W-20 wà torí òfin tó ní kí ọkọ̀ má máa jẹ epo jù, kì í ṣe torí pé òun ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnì jù lọ láyé. Síbẹ̀ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnì ló tún ìwé ẹ̀ kọ, kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n sá lọ bá, 40 ni. Kì í ṣe 50.

Ẹni tó béèrè Hilux pẹtiróòlù láti Ìlọrin, tiyín ò le. Àwọn mánúàlì Toyota kan fún ilẹ̀ olóoru fàyè gba ju ẹyọ kan lọ, ẹ yan nínú èyí tó wà níbẹ̀, lẹ́tà S ni kẹ́ ẹ wá.

*

Ẹ jẹ́ ká padà sórí típà, torí ohun tó ń pa ẹ́ńjìnì jù lọ níbí, a ò tíì débẹ̀. Ẹ lè mọ nọ́ńbà, kẹ́ ẹ mọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì ra kẹ́ẹ̀gì tí ohun tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀.

Mo wà níbi tí wọ́n ti tú ẹ́ńjìnì tírélà kan tó ti nọ́ọ̀kì, ọkọ̀ tí kò tíì gbó rárá. Nígbà tí wọ́n sọ sọ́ńpù kalẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó nípọn tó fi jẹ́ pé sukudiráfà ni wọ́n fi ń ha á, bíárìn ti fá títí bàbà fi yọ síta. Olówó ọkọ̀ ń bura pé 15W-40 gidi lòun ń rà, ó tiẹ̀ kó àwọn kẹ́ẹ̀gì jáde. Kẹ́ẹ̀gì yẹn rí bó ṣe yẹ kó rí. Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n ti tú sílẹ̀ lára ọkọ̀ míì ni wọ́n sẹ́, tí wọ́n tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe, tí wọ́n wá rọ padà sínú ẹ̀. Owó tó fi tún ẹ́ńjìnì yẹn ṣe, ọ́ìlì tó dáa ni ì bá fi rà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Nítorí náà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí orúkọ. Total Rubia, Mobil Delvac, Shell Rimula, gbogbo wọn ló ní 15W-40 CI-4, ọ́ìlì tí wọ́n pò nílé níbí tó sì ní lẹ́tà tó yẹ pẹ̀lú àmì MANCAP ti SON (àjọ ìjọba tó ń yẹ ojúlówó ọjà wò ní Nàìjíríà) náà lè ṣe é. Ibi tẹ́ ẹ ti rà á ni kẹ́ ẹ jà lé lórí. Ẹ rà á nílé epo tó ń jẹ́ orúkọ ọ́ìlì yẹn gan-an tàbí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti máa tà á, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ọ́ìlì tí Howo yín ń gbà ju 20 lítà lọ, ẹ kúkú ra kẹ́ẹ̀gì ńlá, ẹ má kó kékeré kékeré jọ. Ẹni tó bá tà á fún yín ní owó tó rẹlẹ̀ jìnnà sí ti gbogbo ọjà, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n tí wọ́n bá ń dà á. Tó bá tán, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ dá kẹ́ẹ̀gì yẹn lu. Àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wá òfìfo kẹ́ẹ̀gì gidi kiri, wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. Èyí tẹ́ ẹ bá ti lu, kò wúlò fún wọn mọ́.

*

Ẹ tún béèrè ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀.

Sáfíìsì àkọ́kọ́, ìgbà tí mánúàlì bá sọ gan-an ni, ẹ má sún un síwájú. Ẹ́ńjìnì tuntun ń fá ara wọn wọlé, irin wẹ́wẹ́ ń já sínú ọ́ìlì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń tètè tú èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ tú u lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò rí ìdí ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má wo kìlómítà nìkan. Típà kì í rìn tó bó ṣe ń dúró. Ó ń dúró níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó ń dúró ní gó-sílóò Ìfọ̀ àti Sángo, ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, kìlómítà ò kúrò lójú kan. Ford sọ nípa àwọn ẹ́ńjìnì díísù tiwọn kan pé wákàtí 1 tí ọkọ̀ fi dúró lórí iná tó bíi máìlì 25, nǹkan bíi 40 kìlómítà. Tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn wo tiyín, ọkọ̀ tó dúró wákàtí 4 lójúmọ́ ti rin 160 kìlómítà lójú ọ́ìlì láìkúrò níbi tó wà. Kí dírẹ́bà máa kọ wákàtí sílẹ̀ sínú ìwé kékeré, kẹ́ ẹ sì lo iye tí mánúàlì kọ fún iṣẹ́ líle, torí iṣẹ́ líle lẹ ń ṣe. Eruku ibi òkúta yẹn gan-an tó láti jẹ ríǹgì, fílítà atẹ́gùn ò gbọdọ̀ ní ihò kankan. Ẹ má pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́ ẹ wá fi fílítà ọ́ìlì àtijọ́ sílẹ̀ o, mo bẹ̀ yín.

Ẹni tó ní ọ́ìlì òun dú láàárín ọjọ́ díẹ̀, pé ayédèrú ni: kì í ṣe dandan. Ọ́ìlì díísù máa ń dú kíákíá, èéfín dúdú tó ń kó mọ́ra ni, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń ṣe. Tó bá funfun tó ń yọ ìfófòó, ìyẹn ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù, omi ti wọ ọ́.

*

"Ṣé ká da oil treatment mọ́ ọn?" Rárá. Wọ́n ti po gbogbo ohun tó yẹ mọ́ CI-4 láti ilé iṣẹ́, ohun tó ki tí wọ́n ń tà nínú agolo yẹn kàn máa yí ìwọ̀n tẹ́ ẹ sanwó fún padà ni.

"Synthetic ńkọ́?" Ó dáa, ó sì wọ́n. Fún Howo tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, èmi á kúkú ra 15W-40 gidi, kí n máa pààrọ̀ ẹ̀ lásìkò.

*

Ẹ padà wá pé mẹkáníìkì yín ní tẹ́ ẹ bá lo 15W-40 òun ò ní dá sí i tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó ta ọkọ̀ náà sì ní tẹ́ ẹ bá lo ohun míì wọ́rántì ti lọ nìyẹn. Wọ́rántì wà nínú ìwé, ẹ tẹ̀lé ìwé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá orúkọ ọ́ìlì tiwọn nìkan ni wọ́n ń fẹ́ tàbí ọ́ìlì èyíkéyìí tó bá ti ní ìwọ̀n àti lẹ́tà tí mánúàlì kọ. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti kìlómítà sẹ́yìn ẹ̀. Ẹ fi mánúàlì han mẹkáníìkì ní sùúrù, ọwọ́ ẹ̀ ṣì máa wúlò fún yín lórí ọkọ̀ yìí.

Ẹ fi kẹ́ẹ̀gì kékeré kan nínú ọ́ìlì kan náà sínú ọkọ̀, kí dírẹ́bà má bàa ra ohunkóhun lójú ọ̀nà. Kó máa wo dìpísítíkì láràárọ̀ kó tó ṣáná, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ọ́ìlì wà láàárín àmì méjèèjì, kó má kọjá ti òkè. Tó bá wálẹ̀, kó fi díẹ̀ kún un. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń lọ sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dà á sí i, díísù tàbí omi ló ń wọlé, kó má ṣáná, kó pè yín.